Ẹ̀rù Tí Wọ́n Fi Kọ́ Wa Nípa Ara Wa Kì í Lọ Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 29 ni mí, ó sì ti lé lọ́dún kan tí mo ti lọ́kọ. Inú ìjọ ni mo dàgbà sí. Alàgbà ni bàbá mi, ìyá mi sì wà lára àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Èmi àti ọkọ mi ò ṣe nǹkan kan títí a fi ṣègbéyàwó. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ á rọrùn lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ti sún mọ́ mi báyìí, ara mi á le gbagidi, ojú ara mi á pa dé, ìrora rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Lọ́jọ́ tó bá ṣeé ṣe, mo máa ń sáré lọ wẹ̀, màá sì máa bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá. Ọkọ mi ò bínú, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ pé bóyá mi ò fẹ́ràn òun ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀sìn ló bà mí jẹ́, pé kí n fi sílẹ̀. Ó wá kù sí ibì kan: ìjọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní ẹ̀kọ́ ìwà mímọ́. Ṣé ẹ̀sìn ló fà á lóòótọ́? Kí sì ni kí n sọ fún àwọn ọmọ yẹn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kí n tó sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá, jọ̀ọ́, lọ rí dókítà àwọn obìnrin lọ́sẹ̀ yìí. Àrùn ojú ara lè fa ìrora, ọgbẹ́ lè fà á, ohun tó wú nínú ikùn náà lè fà á, ìmọ̀ràn mi ò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò. Kí dókítà náà tó fọwọ́ kàn ọ́, sọ fún un pé ó máa ń dùn ọ́ àti pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á rọra, á sì dúró nígbà tí o bá ní kó dúró. Bí ẹni tí o bá kọ́kọ́ rí bá jágbe mọ́ ọ, dìde kúrò níbẹ̀, kí o wá ẹlòmíràn.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò sí àrùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní vaginismus. Àwọn iṣan tó yí ẹnu ọ̀nà ojú ara ká ló máa ń fún pọ̀ fúnra wọn, láìjẹ́ pé obìnrin náà pàṣẹ fún wọn. Bí ó bá ti dùn ún lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ọpọlọ á ti máa retí ìrora kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀, iṣan á tún fún pọ̀ ju tàná lọ, ìrora á sì tún pọ̀ sí i. Láti ọdún 2013 ni ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ ti kó ìfúnpọ̀ iṣan yìí, ìrora rẹ̀ àti ẹ̀rù rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, torí pé ó ṣòro láti ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Kì í ṣe àìfẹ́ràn ọkọ. Kì í ṣe oríkunkun. Ka ìpínrọ̀ yìí sí ọkọ rẹ létí, kí o sì tún un kà.

Ní ti ẹ̀sìn, ọ̀rẹ́ rẹ rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò rí i tán. Lọ́dún 1970, William Masters àti Virginia Johnson, àwọn olùwádìí méjì tí ọ̀pọ̀ nínú ìtọ́jú tí à ń ṣe lónìí ti ọ̀dọ̀ wọn wá, kọ̀wé nípa àwọn tọkọtaya tó wá gbàtọ́jú lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ara wọn ń ti pa, àti nínú àwọn ọkùnrin tí nǹkan wọn ò dìde rí, ni wọ́n tọ́ dàgbà nínú ẹ̀sìn tó le koko. Àwọn Kátólíìkì wà níbẹ̀, àwọn Júù wà níbẹ̀, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì náà wà níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà ń kọ irú lẹ́tà rẹ yìí sí mi.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kì í ṣe ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ti ara pa, ẹ̀rù tí wọ́n fi kọ́ni ni. Ọmọbìnrin méjì lè jọ gbọ́ òfin kan náà, pé kí wọ́n dúró de ìgbéyàwó. Wọ́n sọ fún ọ̀kan pé nítorí ohun iyebíye ni, wọ́n sì dáhùn gbogbo ohun tó béèrè. Wọ́n sọ fún èkejì pé ìdọ̀tí ni, nígbà tó sì béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n gbá a létí. Àwọn méjèèjì lè dúró. Ìgbà tí wọ́n bá wọlé ọkọ ni ìyàtọ̀ wọn máa hàn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. John Bancroft àti Erick Janssen, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Kinsey Institute, ilé ìwádìí nípa ìbálòpọ̀ ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni ọpọlọ ẹ̀dá ń gbà darí ìfẹ́ ìbálòpọ̀. Ọ̀kan ń ru ara sókè, èkejì ń dá a dúró, bí ọkọ̀ ṣe ní ohun tí a ń tẹ̀ kó sáré àti bíréèkì tí a ń tẹ̀ kó dúró. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. O lè fẹ́ràn ọkọ rẹ gan-an, kó wù ọ́ kó gbá ọ mọ́ra, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì. Ẹni tó bá wá ń gbà ọ́ níyànjú pé kí o wọ aṣọ àwọ̀sùn tó ń fani mọ́ra, tàbí pé kí o ṣáà máa gbìyànjú, ńṣe ló ń ní kí o túbọ̀ fún ọkọ̀ níná nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lórí bíréèkì. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún ọ ni láti mọ ohun tó ń tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, rántí ọjọ́ tí o kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ. Ta lo sọ fún? Kí ni onítọ̀hún sọ? Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin tó bá jókòó síwájú mi kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: "O ti di obìnrin o. Bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn ọ́ báyìí, oyún nìyẹn." Ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá, kò sẹ́ni tó sọ bí oyún ṣe ń dúró gan-an. Ọmọ ọdún 12 á jókòó ti ọmọkùnrin kan nínú ọkọ̀, apá wọn á kan ara wọn, kò ní lè sùn mọ́jú. Á máa fọwọ́ wo ikùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìyá tó sọ̀rọ̀ yẹn kò kórìíra ọmọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún òun náà ló tún sọ. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ti gbà á pé ọwọ́ ọkùnrin jẹ́ ewu, ara kò sì ka ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ nípa aṣọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí pé kéèyàn múra bó ṣe yẹ. Ìdí tí wọ́n ń sọ fáwọn ọmọ ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́: pé bí arákùnrin kan bá wò ọ́ tó sì ro èròkérò, ìwọ lo mú un kọsẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá gbé ẹrù yẹn láti kékeré á máa fojú ẹlòmíràn wo ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ṣé nǹkan kan ń hàn? Ṣé ẹnì kan ń wò mí? Nígbà tó bá wá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ojú yẹn kò ní ṣíwọ́ iṣẹ́. Dípò kó máa gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ, bí òun ṣe rí ni yóò máa ṣọ́. Masters àti Johnson kíyè sí èyí dáadáa, pé ẹni tó bá di òǹwòran ara rẹ̀ nínú yàrá kò lè gbádùn ohunkóhun níbẹ̀. Ìfẹ́ tó sì ń rí lójú ọkọ rẹ̀, èyí tó yẹ kó múnú rẹ̀ dùn, ọpọlọ rẹ̀ ń kà á sí àṣìṣe tí òun jẹ̀bi rẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an bí mo bá ń kọ èyí, torí pé àwọn ọmọ tó gbọ́ràn jù lọ ni ẹrù yìí ń wúwo lé lórí jù.

Nínú gbogbo ìkìlọ̀ wọ̀nyẹn, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń sọ pé ó máa ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé obìnrin náà máa ń fẹ́, pé Ẹni tó dá a ló fi ìfẹ́ náà síbẹ̀. Obìnrin tó bá wá gbọ́ adùn lára rẹ̀ á rò pé ohun kan ti bà jẹ́ nínú òun. Fara balẹ̀ wo ìwẹ̀ tí o máa ń sáré lọ wẹ̀ yẹn àti àdúrà ìdáríjì yẹn. Ọjọ́ tí o bẹ̀bẹ̀ jù, ṣé kì í ṣe ọjọ́ tí o gbádùn rẹ̀ díẹ̀ ni?

Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o fi ìgbàgbọ́ rẹ sílẹ̀. Ohun tí màá sọ ni pé kí o lọ ka ohun tí ìgbàgbọ́ náà sọ gan-an. Jẹ́nẹ́sísì 2:25 sọ pé ọkùnrin àti aya rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ojú kò sì tì wọ́n. Òwe 5:18-19 ní kí ọkùnrin máa yọ̀ nínú aya ìgbà èwe rẹ̀, kí ọmú rẹ̀ máa tẹ́ ẹ lọ́rùn nígbà gbogbo. Obìnrin ló kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀ nínú Orin Sólómọ́nì, ohun tó sì kọ́kọ́ béèrè ni ìfẹnukonu. Àwọn rábì Júù ka Ẹ́kísódù 21:10 sí òfin pé ọkọ jẹ aya rẹ̀ ní gbèsè ìbálòpọ̀, bó ṣe jẹ ẹ́ ní gbèsè oúnjẹ àti aṣọ. Mishnah, àkójọ òfin wọn tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 200, tilẹ̀ ka iye ìgbà fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: lébìrà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹni tó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹni tó ń da ràkúnmí, ẹ̀ẹ̀kan ní 30 ọjọ́, atukọ̀ ojú omi, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà. Ẹ̀tọ́ obìnrin ni wọ́n ń kà níbẹ̀ o. Al-Kùránì 2:187 pe ọkọ àti aya ní aṣọ fún ara wọn. Al-Ghazali, àgbà onímọ̀ Ìsìláàmù tó kú lọ́dún 1111, sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ara ọkọ bá ti balẹ̀, kó dúró ti aya rẹ̀ títí ara tirẹ̀ náà á fi balẹ̀.

Èrò pé ara jẹ́ ìdọ̀tí náà ní ibi tó ti wá nínú ìtàn ìjọ. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, tó gbé ayé láti ọdún 354 sí 430, kọ́ni pé ìfẹ́ ara tó ń ru sókè nígbà ìbálòpọ̀ jẹ́ ara ohun tí ìṣubú Ádámù fà. Lójú rẹ̀, bí tọkọtaya bá ṣe é nítorí adùn tí kì í ṣe nítorí ọmọ, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbéyàwó ń mú kí ìdáríjì wà fún un. Ẹ̀kọ́ yẹn rìn jìnnà gan-an. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wàásù rẹ̀ fún ọ má gbọ́ orúkọ Augustine rí.

Ẹsẹ kan wà tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, 1 Kọ́ríńtì 7:3-5, torí pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan kà á sí ọ létí láìpẹ́. Wọ́n máa ń fi ṣe pàṣán fún aya: ara rẹ kì í ṣe tìrẹ, má fi du ọkọ rẹ. Lọ kà á fúnra rẹ. Ọkọ ni Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ sọ fún pé kó ṣe ohun tó yẹ fún aya. Ohun tó sọ nípa ara aya ló sọ nípa ara ọkọ, bákan náà gẹ́lẹ́. Àdéhùn àwọn méjèèjì ló sì gbé lé lórí. Kò sí ibi tó ti ní kí ẹnikẹ́ni fara da ìrora. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹsẹ yẹn fipá mú ọ dùbúlẹ̀, yálà ọkọ ni tàbí olùdámọ̀ràn, ó ṣì í lò, ó sì ń bà ọ́ jẹ́ sí i, torí gbogbo ìgbà tí o bá fara dà á ni ara rẹ ń rí ẹ̀rí tuntun pé òun ò ṣìnà láti máa bẹ̀rù.

Ìgbàgbọ́ tilẹ̀ lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbí. Lọ́dún 2011, Krystal Hernandez, Annette Mahoney àti Kenneth Pargament gbé ìwádìí jáde nípa àwọn tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Àwọn tó ka ìbálòpọ̀ àárín àwọn àti ẹnì kejì wọn sí ohun mímọ́, tó ní ọwọ́ Ọlọ́run nínú, ni ìbálòpọ̀ wọn tẹ́ lọ́rùn jù. Ohun mímọ́ kan náà tí wọ́n fi dẹ́rù bà ọ́ ló lè ṣí ọ, bó bá jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni bí o ṣe dì í mú.

Ohun tí ẹ máa ṣe wá nìyí. Láti alẹ́ òní, kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò pé kò ní sí ìbálòpọ̀ gan-an fún oṣù kan ó kéré tán. Kó má jẹ́ ìjìyà fún un; ẹ jọ ṣe àdéhùn náà ni. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ pa fóònù, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí iná má mọ́lẹ̀ jù. Kí ẹnì kan dùbúlẹ̀, kí ẹnì kejì máa fọwọ́ kàn án fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú: ẹ̀yìn, apá, àtẹ́lẹsẹ̀, irun orí. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmú, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú ara ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ò ní iṣẹ́ kankan ju kó máa sọ ohun tó ń gbọ́ lára: "ibẹ̀ yẹn dáa," "rọra," "ó tó." Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ wù yín kí ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ má tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ yẹn. Masters àti Johnson ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀, àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sì ń lò ó títí dòní, nítorí pé nígbà tí ara bá ti mọ ibi tí nǹkan máa dúró sí, kì í ní ìdí láti máa ṣọ́nà mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ kan wà tí ìwọ nìkan máa ṣe. Gba dígí kékeré, kí o wo ojú ara rẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti lọ́kọ kò wo ibẹ̀ rí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré, kí o sì sọkún, kò burú. Bí o bá ti lè wò ó láìgbọ̀n, kọ́ bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń dẹ̀: mí sínú, mí síta gùn, kí o sì tú ìsàlẹ̀ rẹ sílẹ̀ bí ìgbà tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Ìtọ́jú tó kàn ni lílo àwọn ohun èlò roboto tí ìwọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ láti bí ọmọ ìka ọwọ́, pẹ̀lú òróró tí wọ́n ṣe fún un, ìwọ fúnra rẹ lo sì máa fi sí i. Èyí tó bá fi ara balẹ̀ gbà ọ́ láyè lẹ́ẹ̀mélòó kan lo fi ń kúrò lọ sí èyí tó tóbi jù ú lọ. Ó dára kí onímọ̀ fisiotẹ́rápì tó mọ̀ nípa iṣan abẹ́ máa tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń bọ́ nínú ìṣòro yìí pátápátá, ó sì máa ń gba oṣù mélòó kan, nítorí náà má ṣe ka ọjọ́.

Ìwẹ̀ yẹn náà, má sáré mọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ kan ara yín tán, dúró lórí ibùsùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó dìde, lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e kí o ṣe mẹ́wàá. Bí àdúrà bá wá sí ọ lẹ́nu, fi dúpẹ́.

Ọkọ rẹ náà nílò ìtọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló kọ̀wé. Wọ́n máa ń tọ́ ọmọkùnrin nínú ẹ̀sìn pé kó sá fún àgbèrè, wọn kì í sì í kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa ara obìnrin, síbẹ̀ wọ́n retí pé kó mọ gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ìgbéyàwó. Ọ̀pọ̀ lọ máa ń kọ́ ọ lára fíìmù oníhòòhò ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ìtìjú tiwọn. Bí ara rẹ bá ti pa dé, ó ń kà á sí ìdájọ́ lórí ara rẹ̀. Sọ fún un pé òun kọ́. Fi ọwọ́ rẹ sórí rẹ̀ nígbà tí o bá ń sọ ọ́, kí ó jẹ́ ọ̀sán, kí ó má jẹ́ orí ibùsùn. Kí ẹ sì jọ pinnu ẹni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kò gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá àlùfáà tàbí àwọn òbí láìjẹ́ pé o fọwọ́ sí i.

Ní ti kíláàsì àwọn ọ̀dọ́bìnrin, ó wù mí kí o gbà á, bí ìjọ bá jẹ́ kí o kọ́ wọn bó ṣe yẹ. Ẹ̀rù kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rò pé ó ń ṣe. Láti ọdún 1993 ni àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Amẹ́ríkà ti ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ búra pé àwọn á dúró de ìgbéyàwó. Lọ́dún 2009, olùwádìí kan, Janet Rosenbaum, fi àwọn tó búra wé àwọn tó jọ wọ́n nínú ọ̀pọ̀ nǹkan ṣùgbọ́n tí wọn ò búra. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kò sí ìyàtọ̀ nínú ìbálòpọ̀ tí wọ́n ní ṣáájú ìgbéyàwó. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó búra kì í fi bẹ́ẹ̀ lo kọ́ńdọ̀mù tàbí ohun ìfètòsọ́mọbíbí, torí pé kò sẹ́ni tó ń múra sílẹ̀ de ohun tó ti búra pé òun ò ní ṣe.

Kọ́ wọn ní ohun tí ìjọ yín gbà gbọ́, kí o má fi bò. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn ní orúkọ ẹ̀yà ara wọn, ibi tí nǹkan oṣù ti ń wá àti bí oyún ṣe ń dúró. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èrò ọkùnrin wà lọ́rùn ọkùnrin tó rò ó. Gbé àpótí kan síbẹ̀ tí wọ́n lè ju ìbéèrè sí láìkọ orúkọ, kí o sì dáhùn gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó bá tì ọ́ lójú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn lọ́nà tí kò fẹ́, ì báà jẹ́ ìbátan, olùkọ́ tàbí alàgbà, òun kọ́ ló ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó wá. Ọmọ tí wọ́n bá ti kọ́ pé ara rẹ̀ ló ń fa ẹ̀ṣẹ̀ kì í sọ. Ó máa ń gbé e mọ́ra fún ọdún pípẹ́, bóyá ọ̀kan nínú wọn sì ti ń gbé irú rẹ̀ bọ̀ ní kíláàsì rẹ.